Ilé àtijọ́ tí wọn kò tún kùn ní Charleston: ṣé ó yẹ kí n lọ wò ó?

Màmá Tíṣà, Ìtòkò:
Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta, mo kí yín o. Ọmọkùnrin mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Charleston, létí òkun ní South Carolina, ti ra tíkẹ́ẹ̀tì dè mí, pé bí mo bá dé, òun yóò mú mi lọ wo Aiken-Rhett House, ilé ọlọ́lá tí oníṣòwò kan kọ́ ní 1820. Ó fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́, ẹnu sì yà mí: ọ̀dà ti ṣí lára ògiri, bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ti fàya, bẹ́ẹ̀ owó ni wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà. Ní Ìtòkò níhìn-ín, bí ilé bàbá ẹni bá rí báyìí, àwọn ọmọ yóò dáwó ọ̀dà kí ọdún tó dé, nítorí ojú àlejò. Kí ni mo fẹ́ lọ wò níbẹ̀? Wọ́n tún ní ibùgbé àwọn ẹrú wà lẹ́yìnkùlé, n kò sì mọ̀ bóyá ọkàn mi yóò gbà á.

Ọmọ Ìjẹmọ̀:
Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́, mà. Mo dé ibẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Kì í ṣe àìbìkítà ni wọ́n fi fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ìdílé Aiken ni ilé náà wà títí di 1975, nígbà tó bọ́ sọ́wọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú náà; Historic Charleston Foundation, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ilé àtijọ́, rà á ní 1995, wọ́n sì pinnu pé bó ṣe wà ni kí ó máa wà: wọn ń dáàbò bò ó kí ó má bàa wó, ṣùgbọ́n wọn kò fi ọ̀dà tuntun bo ti àtijọ́.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti pálọ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ilé ìdáná àti ibi ìfọṣọ wà nísàlẹ̀, àwọn ẹrú sì ń sùn lókè wọn, nínú àwọn yàrá kéékèèké tó tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan. Ẹ óò gbọ́ orúkọ díẹ̀ nínú wọn: Ann Greggs, Dorcas Richardson. William Aiken Kékeré, onílé náà, tó jẹ gómìnà South Carolina láti 1844 sí 1846, ní ẹrú tó ju 700 lọ ní oko ìrẹsì rẹ̀ ní erékùṣù Jehossee. Ọkàn mi gbọgbẹ́, n kò ní purọ́ fún yín. Síbẹ̀, mo fẹ́ràn rẹ̀ ju Nathaniel Russell House lọ, ilé àtijọ́ mìíràn ní Charleston tí wọ́n kọ́ ní 1808, èyí tí wọ́n tún ṣe tó ń dán gbinrin. Àtẹ̀gùn rẹ̀ tó yí lọ sókè láìsí òpó dára púpọ̀, àmọ́ ẹwà náà ló gba gbogbo ojú mi, n kò rántí béèrè ẹni tó ń gbálẹ̀ rẹ̀.

Bíríkìlà Ìbarà:
Màmá, ẹ jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ ọ̀dà yẹn, nítorí iṣẹ́ mi ni. Amọ̀ ni ògiri ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ wa. Bí a bá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ wọn kí wọ́n lè dán fún ọdún, ọ̀rinrin inú amọ̀ kò ní ríbi jáde mọ́. Ẹ fi ìka kan irú ògiri bẹ́ẹ̀, yóò dún bí akèrègbè òfìfo, nítorí amọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń di ìyẹ̀fun. Èmi náà ti ṣe é fún oníbàárà rí. Lẹ́yìn òjò ọdún kẹta, odindi ojú ògiri náà ṣí lulẹ̀ tòun ti iṣẹ́ ọnà orí fèrèsé, ojú sì tì mí.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ọkàn yín yóò ti rí kí ẹ tó wọ bàálù, ẹ lọ sí Àgbádárìgì, kí ẹ gun ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n parí ní 1845, níbi tí wọ́n ní Àjàyí Crowther gbé kí ó tó wá sí Abẹ́òkúta. Òun alára, wọ́n mú un lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821.

Màmá Tíṣà, Ìtòkò:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. N óò lọ. Àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé náà ńkọ́? Orúnkún mi kò fẹ́ gígùn mọ́.

Ọmọ Ìjẹmọ̀:
Ó tẹ́ẹ́rẹ́, mà, kò sì rọrùn fún orúnkún. Ẹ̀rọ tí ẹ óò fi sétí ló ń ṣàlàyé fún àlejò, ẹ lè dá a dúró nígbàkígbà kí ẹ sinmi. Òwúrọ̀ ni kí ẹ lọ, kí oòrùn tó mú.