Ṣé ká fi fíìmù Narnia han àwọn ọmọ Sunday School àbí ká fi sílẹ̀?

TíṣàÀkúrẹ́:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará. Mò ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́langba ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Àkúrẹ́ níbí, mo fẹ́ gbé fíìmù Narnia àkọ́kọ́, ti 2005 yẹn, wá fún wọn nígbà họlidé. Àwọn àgbà ìjọ kan ní rárá o, pé àjẹ́ ló wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ kí lẹ rí sí i, báwo ni mo ṣe máa bá wọn sọ ọ́ tí kò ní dà bíi pé mò ń rí àgbà fín?

ÌyáTósìn:
Tíṣà, ẹ fi hàn wọ́n jàre. Àjẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣé wọ́n yìn ín ni? Òun ló fi nǹkan dídùn tan Edmund títí ọmọ yẹn fi ta àwọn tí wọ́n jọ jáde nínú ìyá kan náà. Wọ́n ní ikú ló tọ́ sí ọ̀dàlẹ̀, Aslan, kìnnìún yẹn, bá dìde lóru lọ kú dípò ẹ̀, wọ́n fá irun ọrùn ẹ̀, wọ́n fi ṣẹ̀sín, wọ́n pa á sórí tábìlì òkúta, ilẹ̀ mọ́ tábìlì là sí méjì, àwọn ọmọbìnrin méjì tó ń sunkún ẹ̀ ló sì kọ́kọ́ rí i pé ó ti jí. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìwàásù Ọjọ́ Àjíǹde rí á mọ ẹni tí Lewis, tó kọ ìwé Narnia, ń sọ.

ỌmọÒǹdó:
Òótọ́ ni Mummy sọ. Àmọ́ ẹ ka ìwé mọ́ fíìmù o, torí fíìmù máa ń yí ibi tí ẹ̀kọ́ wà gan-an padà. Ẹ wo Lord of the Rings, Tolkien tó kọ ọ́, ọmọ ìjọ Àgùdà paraku ni. Nínú ìwé, nígbà tí Frodo, tó gbé òrùka ibi kan lọ jù sínú iná kó lè run, dé ibi iná, kò lè jù ú sí i, ó ní tòun ni, Gollum tó ń wá òrùka yẹn kiri bá gé ìka ẹ̀ jẹ, ó ń jó, ẹsẹ̀ ẹ̀ yẹ̀, òun àti òrùka já sínú iná. Kò sẹ́ni tó tì í! Àánú tí wọ́n ti ṣe Gollum látẹ̀yìn wá, tí wọ́n ò pa á nígbà tí wọ́n lè pa á, òun ló gba gbogbo wọn là, oore-ọ̀fẹ́ nìyẹn, kì í ṣe agbára akọni kankan. Fíìmù Peter Jackson ti 2003 wá jẹ́ kí Frodo dìde bá a jìjàkadì létí ọ̀gbun. Mo fẹ́ràn fíìmù yẹn, àmọ́ ibẹ̀ yẹn dùn mí.

ÀgbàÒkèIgbó:
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ bá mi bi àwọn àgbà yẹn bóyá wọ́n ka Fágúnwà níléèwé. Ọmọ Òkè-Igbó wa níbí ni, Kìrìsìtẹ́nì ni, tíṣà ni, CMS ló sì gbé Ògbójú Ọdẹ jáde ní 1938. Iwin àti ẹbọra kún inú igbó yẹn bámúbámú, àwa tá a kà á ò tìtorí ẹ̀ fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ pè wọ́n kí wọ́n wá jókòó wò ó pẹ̀lú àwọn ọmọ.

TíṣàÀkúrẹ́:
Ẹ ṣé gan-an ni sà, ẹ ṣé Mummy. Màá kọ́kọ́ gbé e lọ sílé àwọn àgbà yẹn ká jọ wò ó, màá sì ka orí tábìlì òkúta sétí àwọn ọmọ kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀. Ta ló ní ìwé Lewis yẹn tó lè yá mi? Mo lè wá gbà á ní Ọjà Ọba.