Ẹ gbà mí o, wọ́n gbé implant etí tó yẹ kí Dámi gbà fún ọmọ ẹlòmíì

Ìyá Dámi: Ẹ má bínú pé ó gùn. Implant yìí, ẹ̀rọ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fi sínú etí ọmọ tí ò gbọ́ràn kó lè gbọ́ràn, mẹ́ta péré ni wọ́n fẹ́ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọsibítù tí à ń lọ, ọmọ mọ́kànlá ló ń dúró dè é. Aago márùn-ún ìdájí la ti wà lórí bẹ́ǹṣì, nọ́ọ̀sì kankan ò tiẹ̀ bojú wò wá, ìgbà tó yá ni wọ́n mú ọmọ ọdún kan àtààbọ̀ tó dé lẹ́yìn wa, ìyá ẹ̀ wọ léèsì olówó ńlá, wọ́n ní Dámi ti dàgbà jù. Ọmọ ọdún méje! Mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì, Dámi gbọ́wọ́ lé mi lọ́fun, ó pariwo "Mọ́mì ẹ má sunkún mọ́", gbogbo èrò yíjú wò wá. Ṣé kí n gbé wọn lọ sí rédíò ni?

Bàbá Ìbejì: Ẹ gbé wọn lọ jàre. Owó ti wọ̀ ọ́.

Sister Bùkọ́lá: Ní London níbí ìjọba ló ń sanwó ẹ̀, látọdún 2009 etí méjèèjì ni wọ́n ń ṣe fọ́mọdé. Àánú yín ṣe mí.

Ìyá Tóbi: Ó lè má jẹ́ owó o. Wọ́n bí Tóbi mi láìgbọ́ràn, a ò tètè mọ̀. Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé ọmọ tí ò gbọ́ nǹkan kan rí, tó bá ti lé lọ́dún mẹ́ta mẹ́rin, ó máa ń ṣòro kí ọpọlọ ẹ̀ tó mọ̀rọ̀ gbọ́. Ó ń fọwọ́ sọ̀rọ̀ báyìí, ó sì ń ṣe dáadáa níléèwé.

Bàbá Ìbejì: Ẹni tó kọ́kọ́ dé ló yẹ kó kọ́kọ́ gbà.

Ìyá Tóbi: Ẹni tílé ẹ̀ sún mọ́ ọsibítù ló máa ń kọ́kọ́ dé. Ọmọ ará oko ńkọ́?

Àǹtí Fọ́lá: Ibi tí wọ́n ti ń yẹ etí wò ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìyá Dámi, ẹ ní ó sọ̀rọ̀ nínú bọ́ọ̀sì? Ìgbà wo ni ò gbọ́ràn mọ́?

Ìyá Dámi: Ẹ ṣé Bàbá Ìbejì. Ìyá Tóbi, ọmọ tèmi ò ní fọwọ́ sọ̀rọ̀, ìyá ọkọ mi ò lè gbà.

Àǹtí Fọ́lá: Ẹ dá mi lóhùn, mo bẹ̀ yín.

Ìyá Dámi: Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Yírùnyírùn, ìyẹn meningitis, ló ṣe é. Ẹnì kan ló sọ fún wa pé àwọn tí wọ́n bí láìgbọ́ràn ni wọ́n máa ń ṣàánú, la bá kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a wọ ọ́fíìsì wọn, mo fìka kan ètè fún Dámi pé kó má sọ̀rọ̀.

Ìyá Tóbi: Háà! Ìyá Dámi!

Àǹtí Fọ́lá: Ẹ jẹ́ ká fi ìbáwí sílẹ̀ ná. Yírùnyírùn máa ń jẹ́ kí egungun hù nínú etí lọ́hùn-ún, tó bá ti dí ibẹ̀ tán, wáyà implant lè má ráyè wọlé mọ́. Ọmọ tó sì ti gbọ́ Yorùbá láti kékeré, ọpọlọ ẹ̀ ti mọ̀rọ̀, ti "ó ti dàgbà jù" yẹn ò bá a wí. Fọ́ọ̀mù yẹn ni wọ́n gbà gbọ́. Ẹ padà lọ lọ́la, ẹ sọ òótọ́, ẹ ní kí wọ́n ṣe scan etí ẹ̀ kíá.

Bàbá Ìbejì: Ṣé kí wọ́n wá gbà á lọ́wọ́ ọmọ kékeré yẹn ni?

Àǹtí Fọ́lá: Rárá o. Tiẹ̀ náà tọ́ sí i.

Ìyá Dámi: Wọn ò tíì mú ẹni kẹta, wọ́n ní di Friday. Àǹtí, tí mo bá wọlé, kí ni kí n kọ́kọ́ sọ?