Àbọ̀ rèé o: bọ́ọ̀sì dísù mi tó ń gbóná

Ẹ rántí pé mo bèèrè bóyá ó dáa kí ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì mi máa kan 112°C tí mo bá fi fa tírélà jẹnẹrétọ̀ gun òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè, tí óìlì gíà ọ́tò (gíà tó ń pààrọ̀ ara ẹ̀) sì ń sún mọ́ 120°C. Rédíétọ̀, ibi tí omi ẹ́ńjìnnì ti ń tutù, ló fà á o! Nígbà tí mẹkáníìkì tú u, ekuru àti ìyẹ́ kòkòrò ti dí ojú ẹ̀ pa, a fọ̀ ọ́, a pààrọ̀ óìlì gíà tó ti dúdú tó ń rùn bí ẹ̀wà tó jóná, a sì so kúlà gíà (ohun tó ń mú óìlì gíà tutù) mọ́ ọn. Lánàá mo rọra fi gíà kejì gun òkè náà, ẹ́ńjìnnì ò kọjá 98, gíà ò ju 91 lọ, inú mi dùn gan-an. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n má jẹ́ kí gíà kọjá 110, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Mo pa ìbéèrè náà dé síbí.