Ta ni ó lè wọlé: oníwọ̀ntúnwọ̀nsì ni tàbí onítẹ̀síwájú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ búra di ọmọ Amẹ́ríkà ní Maryland, mo sì fẹ́ kópa nínú ìdìbò abẹ́lé tí ẹgbẹ́ Democrat fi ń yan olùdíje wọn nígbà tí ti ààrẹ bá dé ní 2028. Onítẹ̀síwájú, ìyẹn àwọn tó fẹ́ àyípadà ńlá kíákíá, ni ọkàn mi ń fà sí, kì í ṣe oníwọ̀ntúnwọ̀nsì tó dúró sí àárín, ṣùgbọ́n àwọn ará ibi iṣẹ́ mi ń sọ pé irú wọn kò lè wọlé láé. Ṣé òótọ́ ni?

Èsì: Àbúrò mi, o kú oríire. McGovern, onítẹ̀síwájú tí ẹgbẹ́ Democrat fà kalẹ̀, ni wọ́n fi ń dẹ́rù bà ọ́, ẹni tí Nixon ti ẹgbẹ́ Republican fàgbà hàn ní 1972 débi pé Massachusetts àti Washington olú-ìlú nìkan ni ó rí mú. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wọn kì í fi ti Mondale kún un. Democrat ni Mondale náà, ó ti ṣe igbákejì ààrẹ rí, àwọn àgbà ẹgbẹ́ sì fọkàn tán an, síbẹ̀ Minnesota tí í ṣe ìpínlẹ̀ rẹ̀ àti Washington nìkan ni ó mú ní 1984. Reagan ti ẹgbẹ́ Republican tí ó sì nà án ni Ford, ará ẹgbẹ́ kan náà, tí ó ti ṣe ààrẹ rí, ti sọ nípa rẹ̀ ní 1980 pé ojú ìwòye rẹ̀ le ju ohun tí orílẹ̀-èdè lè gbà lọ. Ìpínlẹ̀ 44 ni Reagan mú lọ́dún náà.

Tún wo Hillary Clinton àti Biden tí ẹgbẹ́ Democrat fà kalẹ̀, oníwọ̀ntúnwọ̀nsì ni àwọn méjèèjì. Ní 2016, Clinton fi ìbò tó súnmọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta ju Trump lọ jákèjádò ilẹ̀, ṣùgbọ́n ìbò tí kò tó 80,000 ní Michigan, Wisconsin àti Pennsylvania ni ó lé e padà. Ní 2020, ìbò tí kò tó 45,000 ní Arizona, Georgia àti Wisconsin ni ó la ọ̀nà fún Biden. Oníwọ̀ntúnwọ̀nsì ni wọ́n ń pe àwọn méjèèjì, àbájáde wọn sì yàtọ̀. Ohun tí mo rí ni pé iye àwọn tó jáde dìbò ní ìpínlẹ̀ díẹ̀ wọ̀nyẹn, àti bí ọjà ṣe gbówó lórí tó, wúwo ju orúkọ yẹn lọ.

N kò ní tàn ọ́ jẹ o: nínú ìdìbò ilé aṣòfin, àwọn olùdíje tí èrò wọn jìnnà jù sí àárín sábà máa ń pàdánù ìbò ní ìdìbò gbogbogbò oṣù kọkànlá. Ti ààrẹ ni kò pọ̀ tó láti fi ṣe òfin, nítorí ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá péré ni wọ́n ti dìbò ààrẹ láti 1972 títí di 2024.

Ní Houston níbí, ní 2020, aládùúgbò mi kan tètè dìbò abẹ́lé fún Buttigieg, ọ̀kan lára àwọn tó ń du ipò ààrẹ nínú ẹgbẹ́ Democrat, kì í ṣe pé ó wù ú, bí kò ṣe pé wọ́n sọ fún un pé Buttigieg ni àwọn mìíràn yóò gbà. Ọjọ́ Àìkú ni Buttigieg juwọ́ sílẹ̀, nígbà tí ìdìbò gan-an ku ọjọ́ méjì. Bébà kékeré tí wọ́n fi ń hàn pé ènìyàn ti dìbò ṣì wà lára fìríìjì rẹ̀ nígbà tí mo wọlé lọ bá a, ó ń wò ó, kò sì sọ̀rọ̀. Nítorí náà, ẹni tí o bá gbà gbọ́ ni kí o dìbò fún, má sì kánjú dìbò abẹ́lé ṣáájú ọjọ́.

Ṣé o forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Democrat? Texas kò béèrè ẹgbẹ́ lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n Maryland ń béèrè.

Ìbéèrè: Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mo kọ ọ́ pé n kò ní ẹgbẹ́. Mo máa lọ yí i padà lọ́sẹ̀ yìí.