Top Gear àti The Grand Tour: ẹ̀yin tí ẹ wo méjèèjì, kí lojú yín rí?

Awakọ̀ Thamesmead

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ níbí. Láti ìgbà tí Clarkson, Hammond àti May, àwọn atọ́kùn ètò ọkọ̀ méjèèjì yìí lórí tẹlifíṣọ̀n, ti parí The Grand Tour ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, àríyànjiyàn kò tíì tán láàárín èmi àtàwọn tí a jọ ń tún mọ́tò ṣe. Ṣé ètò yẹn tó Top Gear tí wọ́n ti kúrò, àbí owó Amazon ló kàn ń tàn yanran lójú wa? Ẹ bá wa dá sí i. Ìrírí tiyín ni mo fẹ́ gbọ́, ibi tẹ́ ẹ ti wò ó àti ohun tó ṣe fún yín.

Tèmi rèé. Mushin ni mo ti kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì kí n tó wá sí London. Nígbà tí mo dé, Top Gear lọ̀rọ̀ tó máa ń gbòde níbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, nítorí alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni BBC Two ń gbé e jáde. Ètò náà ti wà láti 1977. Wọ́n pa á tì ní 2001, Clarkson àti Andy Wilman, olóòtú ètò náà, wá gbé e dìde ní 2002, ní pápákọ̀ òfuurufú àtijọ́ kan ní Dunsfold, Surrey. Àwọn ọ̀gá mi á máa sọ ti Ferrari àti ti Stig, awakọ̀ ètò náà tí kì í ṣí akoto lójú. Èmi, Hilux ló mú mi.

Ṣé ẹ rántí? Ọdún 2003 ni. Wọ́n ra Hilux arúgbó kan tó ń jẹ dísẹ́ẹ̀lì, wọ́n ní àwọn fẹ́ pa á. Wọ́n so ó mọ́lẹ̀ létí òkun, omi dé, ó gbé e lọ, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá a rí nínú iyanrìn ni. Mẹkáníìkì wọn ò gbọdọ̀ pààrọ̀ ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì kankan, àfi kó fi sípánà àti ọgbọ́n orí ṣe é. Ẹ́ńjìnnì yẹn dáhùn. Wọ́n sọ iná sí i, ó dáhùn. Wọ́n gbé e sórí ilé gogoro, wọ́n fi ẹ̀tù wó ilé náà lulẹ̀ tòun tọkọ̀, wọ́n wú u jáde lábẹ́ àwókù, ó tún dáhùn. Mo dìde lórí àga, mo pàtẹ́wọ́. Ẹni tó bá ti tú ẹ́ńjìnnì tí omi wọ̀ rí ló mọ ohun tí mo rí lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Èèyàn lè bá èèyàn ṣàdéhùn pé kó díbọ́n, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè bá ẹ́ńjìnnì ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé ìrìn-àjò Botswana ti 2007 lékè gbogbo wọn. Ọkọ̀ ò gbọdọ̀ wọ́n ju £1,500 lọ, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ irú èyí tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà. May mú Mercedes 230E, Benz tí gbogbo wa mọ̀ dunjú nílé. Clarkson mú Lancia Beta tí kì í yé kú lójú ọ̀nà. Hammond mú Opel Kadett ti ọdún 1963, ó sì sọ ọ́ ní Oliver. Nígbà tí wọ́n dé pápá iyọ̀ Makgadikgadi, ilẹ̀ ń já lábẹ́ ọkọ̀ tó bá wúwo. Clarkson àti May bẹ̀rẹ̀ sí í tú ilẹ̀kùn àti gíláàsì dànù kí tiwọn lè fúyẹ́, Oliver ń sáré lọ ní tirẹ̀ láìtú nǹkankan. Nígbà tó yá, odò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé Oliver mì. Hammond ò fi í sílẹ̀. Wọ́n fa omi inú rẹ̀ jáde, ó rìn títí dópin, ó sì gbé e délẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ wá jẹ́ ká dé The Grand Tour. Ní 2015, Clarkson lu olóòtú kan, BBC kò tún ìwé àdéhùn rẹ̀ ṣe mọ́, àwọn méjì yòókù àti Wilman sì bá a lọ sí Amazon. Oṣù kọkànlá 2016 ni wọ́n ṣí àgọ́ tí wọ́n ti ń ṣe ètò náà ní aṣálẹ̀ California. Owó wà níbẹ̀, mi ò ní parọ́. McLaren P1, Porsche 918 àti LaFerrari, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lójú pápá ìdíje kan náà ní Portugal, èmi ò rí irú rẹ̀ rí. Àmọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n wọ aṣọ sójà ní Jordan, wọ́n ń kú, wọ́n ń jí, wọ́n tún ń kú. Kò sí ohun tó lè bàjẹ́ lójijì níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ti wà nínú ìwé kí wọ́n tó gbé kámẹ́rà. Wọ́n tún ní awakọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní The American rọ́pò Stig, àwọn gbajúmọ̀ sì ń "kú" kí wọ́n tó dé inú àgọ́, ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Ó sú mi. Ó jọ pé ó sú àwọn náà, nítorí wọn ò gbé méjèèjì wọ sáà kejì.

Ohun tó dá mi padà ni Madagascar, ní oṣù Kejìlá 2020. Nígbà yẹn wọ́n ti ká àgọ́ kúrò nílẹ̀, ìrìn-àjò gígùn nìkan ló kù. Wọ́n ní ìṣúra àwọn ajalèlókun làwọn ń wá. Ìyẹn náà ti inú ìwé wá, ó hàn. Àmọ́ ẹrẹ̀ ojú ọ̀nà RN5 kò ka ìwé wọn. Ẹ wo May nínú Caterham tí kò ní òrùlé, ẹ wo Bentley Clarkson nínú kòtò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó bónẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ojú wọn rẹ̀wẹ̀sì gidi. Mo rí Botswana nínú rẹ̀. Nítorí náà, lójú tèmi, ọjọ́ tí wọ́n ká àgọ́ yẹn ni The Grand Tour ṣẹ̀ṣẹ̀ tó Top Gear.

Ìyá Ìbejì, Leeds

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an. Èmi ò mọ sípánà, ọkọ mi ló ń wò ó, àwa yòókù wá jókòó tì í. Ohun tó ń dùn mọ́ mi ni bí àwọn mẹ́ta yẹn ṣe ń bára wọn ṣe. Tí ọkọ̀ ẹnì kan bá kú lójú ọ̀nà, àwọn méjì yòókù á gbéra, wọ́n á fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ìbejì mi á pariwo pé "wọ́n tún ti lọ o!" Kò sí ìgbà tí kì í pa wá lẹ́rìn-ín. Ìyẹn ò yí padà rárá nínú èkejì, torí èèyàn kan náà ni wọ́n.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ àgọ́ yẹn, mi ò bá yín lọ síbẹ̀. Lóòótọ́, sáà kìíní ń gbé wọn káàkiri bí ẹni tí kò nílé: California, Johannesburg, Whitby, Dubai. Láti sáà kejì, ilẹ̀ Cotswolds ni wọ́n pa á sí, ó sì dára sí i. Inú àgọ́ yẹn náà la ti rí i tí omijé dé ojú Clarkson ní oṣù kẹrin 2019, nígbà tó ń kéde pé àwọn ò ní ṣe irú ètò inú àgọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ètò ọjọ́ yẹn ṣe fún mi. Wọ́n kó àwọn ọkọ̀ Ford tí ìdílé máa ń gùn jọ, láti orí Cortina títí dé Mondeo, wọ́n sì ṣe ìsìnkú fún wọn bí ẹni ń sin àgbà. Bàbá mi ní Cortina nílùú Ìlọrin. Òun la fi ń lọ kí ìyá àgbà ní Ọ̀ffà nígbà ọdún, àwa ọmọ á há mọ́ra lẹ́yìn, àga rẹ̀ á máa jó wa nítan. Bàbá ti lọ, ọkọ̀ náà ti lọ. Mi ò retí pé òyìnbó mẹ́ta kan á jókòó, wọ́n á máa sọ fáyé pé ọkọ̀ lásán-làsàn bẹ́ẹ̀ yẹ lẹ́ni tí a ń dárò. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Ìlọrin lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó rántí nọ́ńbà ọkọ̀ náà lórí. A sọ̀rọ̀ títí káàdì rẹ̀ fi tán.

Top Gear sọ̀rọ̀ ọkọ̀ olówó kékeré dáadáa nígbà tiwọn, wọ́n máa ń fi Suzuki Liana sáré pẹ̀lú àwọn gbajúmọ̀. Àmọ́ kò ṣe irú èyí fún mi rí. Ní tèmi, èkejì kọjá àkọ́kọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ohun kan ṣoṣo tí mo sọ nù ni pé a kì í wò ó pọ̀ mọ́. Ìkọ̀ọ̀kan àwọn ọmọ wà lórí fóònù tiwọn.

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Ẹ̀gbọ́n Thamesmead, ẹ̀yin mọ̀mí Ìbejì, mo kí yín láti Ìbàdàn. Orí DSTV la ti ń wo Top Gear nílé wa, tí wọ́n bá mú iná lọ, mo máa ń wá a lórí sídì. Prime Video, ibi tí Amazon ti ń gbé ètò jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, dé ọ̀dọ̀ wa ní oṣù Kejìlá 2016, The Grand Tour ló sì gbé e dé. Dátà òru ni mo fi ń gbà á sórí fóònù.

Ẹ má bínú o, àmọ́ ẹ̀yin méjèèjì gbójú fo àrólé gan-an. Top Gear ò kú nígbà tí àwọn mẹ́ta yẹn lọ. BBC ń bá a lọ. Mo gbà pé èyí tí Chris Evans tọ́kùn ní 2016 kò dùn, sáà kan péré ló ṣe tó fi kúrò. Ẹ wá wo Chris Harris, ọ̀kan lára àwọn atọ́kùn tuntun. Ọkùnrin yẹn mọ ọkọ̀ wà ju àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yín lọ, ó sì lè sọ fún ẹ ohun tí ìdí ọkọ̀ ń ṣe bó ṣe ń yí kọ́nà, títí wàá fi rò pé ọwọ́ tìẹ ló wà lórí sítíárìn. Wọ́n mú Sabine Schmitz wọlé, ọmọ Jámánì tó gbé Transit akẹ́rù yípo pápá ìdíje Nürburgring ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá àti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ nígbà ayé Top Gear àtijọ́. Ó kú ní 2021, ó dùn mí bíi pé mo mọ̀ ọ́n.

Láti 2019, Harris, Paddy McGuinness àti Freddie Flintoff jọ mú un padà sójú ọ̀nà. Mo fẹ́ràn wọn. Ìjàǹbá tó ṣe Flintoff ní Dunsfold ní oṣù Kejìlá 2022 ló dá ètò náà dúró. Nígbà tó di oṣù kọkànlá 2023, BBC ní àwọn ti gbé ètò náà sinmi. Mo rò pé ká sọ wọ́n tí a bá ń sọ àrólé.

Awakọ̀ Thamesmead

Àbúrò, o ṣeun, ọ̀rọ̀ rẹ wọ̀ mí lọ́kàn. Kò sí àríyànjiyàn lórí bí Harris ṣe ń wakọ̀, ó ga. Ọlọ́run á túbọ̀ máa ṣàánú Flintoff. Ṣùgbọ́n ibi tí mo dúró sí ni pé kì í ṣe wíwà ọkọ̀ dáadáa ló mú mi jókòó sídìí tẹlifíṣọ̀n. Ohun tí mo ń wá ni ọkọ̀ tó ti rẹ̀, ọ̀nà tó burú, àti èèyàn tó ti mọ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kì í ṣojú fúnra wọn nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́. Orúkọ ló kù sọ́wọ́ BBC. Àwọn tí mò ń wí yìí ti bá Amazon lọ.

Mọ̀mí Ìbejì, ẹ ti sọ ohun tí mi ò rò tẹ́lẹ̀ nípa Cortina yẹn. Màá lọ tún un wò.

Ọmọ Ìkọ́ṣẹ́, Abẹ́òkúta

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Rẹ́wáyà ni mò ń kọ́. Mi ò tíì wo ìkankan rí. Èwo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀ tí dátà mi ò fi ní ṣòfò?

Awakọ̀ Thamesmead

Ọmọ dáadáa. Wá Botswana ti 2007 kọ́kọ́ wò. Lẹ́yìn náà, fo gbogbo yòókù, kó o lọ tààrà sí ti Zimbabwe, èyí tí wọ́n fi kásẹ̀ The Grand Tour nílẹ̀ ní 2024. Clarkson gbé Lancia Montecarlo, Hammond gbé Ford Capri, May gbé Triumph Stag, ọkọ̀ tí oníkálukú ti ń fẹ́ látọjọ́ pípẹ́. Kubu Island ní Makgadikgadi ni wọ́n parí sí, ibi kan náà tí wọ́n gbà kọjá pẹ̀lú Oliver. Tó o bá wo méjèèjì tẹ̀ léra, wàá lè dá a dáhùn fúnra rẹ bóyá àrólé náà yẹ. Ìwọ tó o sì ń kọ́ṣẹ́, máa ṣọ́ Stag yẹn. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lókìkí fún gbígbóná láti àárọ̀ ọjọ́ rẹ̀. Wá sọ ohun tó o rí fún wa níbí.