Ẹ̀ka róòsì mi rúwé tán, ló bá dúdú láti ìdí

Àkọ́gbìn:
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo gé ẹ̀ka mélòó kan lára róòsì píńkì tó fà mọ́ ọgbà aládùúgbò mi (wọ́n fún mi láyè o, mi ò jí i gé). Mo rì wọ́n sínú ilẹ̀dú tí mo ti po ajílẹ̀ mọ́, mo fi ọ̀rá bò wọ́n, mo sì ń bomi rin wọ́n láàárọ̀ àti lálẹ́. Kò pẹ́ tí ojú orí wọn fi là, ewé kéékèèké pupa yọ, inú mi dùn débi pé mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí. Ìgbà tó yá, ewé rọ, igi bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Nígbà tí mo fà á yọ, kò sí gbòǹgbò kankan. Ìdí rẹ̀ rọ̀ bẹ̀tẹ̀bẹ̀tẹ̀, ó sì ń rùn.

Kí ló ń ṣe é gan-an? Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnì kan ní kí n fi oyin pa ìdí rẹ̀, ẹlòmíì ní kí n gún un bọ inú ọ̀dùnkún kí n tó rì í mọ́lẹ̀. Àti pé, ṣé róòsì pupa tí wọ́n fi ta mí lọ́rẹ, tó wà nínú ìgò omi lórí tábìlì mi báyìí, òun náà lè ta gbòǹgbò?

Bàbá Ìkòkò:
Omi ti pọ̀ jù. Èmi kì í fi yẹ̀pẹ̀ da ara mi láàmú, inú ife omi ni mo máa ń kì í bọ̀, màá gbé e sójú fèrèsé. Ó máa ń ta gbòǹgbò nígbà mìíràn.

Màmá Ẹlẹ́gùn-ún:
Bàbá Ìkòkò, ẹ kú iṣẹ́ o. “Nígbà mìíràn” tí ẹ fi parí ọ̀rọ̀ yín yẹn ni èmi ò fẹ́. Afẹ́fẹ́ kì í tó nínú omi tó dúró sójú kan, ìdí igi á ti jẹrà kí gbòǹgbò tó ronú àtiyọ. Èyí tó bá sì yọ níbẹ̀, ẹlẹgẹ́ ni, á ṣẹ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ kó o bọ ilẹ̀.

Àkọ́gbìn, ọmọ mi, ewé yẹn ló tàn ọ́. Ẹ̀ka tí a bá gé dà bí ọmọ tó fi ilé sílẹ̀ pẹ̀lú owó tí ìyá rẹ̀ fi sí i lápò: kò tíì ríṣẹ́, ó ti ń ra bàtà. Oúnjẹ tó wà nínú igi tẹ́lẹ̀ ló fi rúwé. Tí oúnjẹ yẹn bá tán tí gbòǹgbò kò tíì dé, ó parí nìyẹn. Ewé lè yọ láàárín ọ̀sẹ̀ 2, ṣùgbọ́n gbòǹgbò tó ṣeé fọkàn tán a máa gbà tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 8. Torí náà, má tíì ya fọ́tò fún ẹnikẹ́ni.

Èyí tó pa tìẹ, ìjẹrà ni. Igi tó bá dúdú láti ìdí, omi ló dúró síbẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ò ráyè wọlé. Ká ní láti orí ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ ni, ǹ bá sọ pé òǹgbẹ ni. Ilẹ̀dú àti ajílẹ̀ yẹn sì tún dá kún un, torí ibi tí ohun tó ń jẹrà bá pọ̀ sí ni àrùn ìjẹrà ti ń jẹ̀fà. Kí ni ẹ̀ka tí kò ní gbòǹgbò fẹ́ fi ajílẹ̀ ṣe?

Ohun tí mo fẹ́ kó o mú dání nìyí: omi ìdí yàtọ̀ sí ọ̀rinrin tó yí ewé ká. Ewé ló ń fẹ́ ọ̀rinrin, torí ara rẹ̀ ni omi ti ń fẹ́ lọ, kò sì tíì sí gbòǹgbò tí yóò fa òmíràn dípò rẹ̀. Ìdí ní tirẹ̀, afẹ́fẹ́ ló ń wá. Torí náà ni a ṣe ń fi ọ̀rá bò ó lókè, tí ìsàlẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju kó kàn tutù lọ. Bu yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, fún un mọ́wọ́. Tí omi bá kán sílẹ̀, ó ti pọ̀ jù. Bí ìrì bá ti ń dì sára ọ̀rá nínú, fi agbè omi sílẹ̀, kò nílò rẹ.

Yanrìn oníhóró àti èèpo àgbọn lílọ̀ ni kó o pò pọ̀ ní ìwọ̀n kan náà. Bó o bá rí perlite (òkúta funfun fífúyẹ́ tí wọ́n fi iná wú), ó dára ju yanrìn lọ. Ike tó nihò nídìí, ó tán.

Ní ti ẹ̀ka, wá èyí tí òdòdó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ dànù, tó nípọn tó pẹ́ńsù. Fi àtàǹpàkò ti ẹ̀gún rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́: tó bá ṣẹ́ péé láìya èèpo, ó ti gbó tó. Tó bá ń tẹ̀ láìṣẹ́, ó ṣì tutù jù. Gé e tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, kó ní ojú (ibi tí ewé ti ń yọ) 3 tàbí 4. Abẹ́ ojú gẹ́lẹ́ ni kó o ti gé ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ni gbòǹgbò máa ń fẹ́ràn láti gbà yọ. Òkè, gé e ní dídàgẹ̀rẹ̀, kó o lè mọ orí yàtọ̀ sí ìdí. Má rẹ́rìn-ín o, mo ti rí ẹni tó dorí gbogbo rẹ̀ kodò. Èròjà tó ń pe gbòǹgbò jáde, orí ló ti ń sọ̀ wá sí ìdí, kì í gòkè. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í já gbogbo ewé dànù: fi méjì sílẹ̀ lórí, já ti ìsàlẹ̀ àti gbogbo òdòdó tó bá ń dì.

Wàyí o, ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò kọjá. Mú abẹ tuntun, fi sípíríìtì nù ún. Ní ìdí ẹ̀ka, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣoṣo, bó èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà 2. Wàá rí ara tútù kan tó ń dán lábẹ́ rẹ̀, àwọ̀ ewé ni. Dúró níbẹ̀. Bó o bá ti kan igi funfun, o ti wọnú jù. Etí egbò yẹn á kọ́kọ́ wú kókó funfun, ẹ̀yìn náà ni gbòǹgbò á tẹ̀ lé e.

Àtíkè tí wọ́n ń tà fún gbòǹgbò dára, wo ara páálí rẹ̀ bóyá wọ́n kọ IBA síbẹ̀, ìyẹn orúkọ èròjà tó ń pe gbòǹgbò jáde. Ti ìdí ẹ̀ka bọ̀ ọ́, gbọ̀n ọ́n, kó o sì fi igi dá ihò sílẹ̀ kó o tó kì í bọlẹ̀, kí àtíkè náà má baà nù dànù. Oyin lè pa kòkòrò àìfojúrí, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń pe gbòǹgbò nínú rẹ̀. Ti ọ̀dùnkún ńkọ́? Á jẹrà mọ́ ẹ̀ka lára, tàbí kó hù fúnra rẹ̀, wàá wá di àgbẹ̀ ọ̀dùnkún.

Gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà tí oòrùn kò ti ní kàn án. Ọ̀rá tí oòrùn bá ń pa, sísè ló máa se ẹ̀ka inú rẹ̀. Ṣí i kó fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ lójoojúmọ́, ewé tó bá sì já sínú rẹ̀, yára ṣà á kúrò.

Ewé Òwúrọ̀:
Kí n fi díẹ̀ kún ti Màmá. Àkọ́gbìn, ti inú ìgò yẹn, dán an wò tó bá wù ọ́, àmọ́ má gbọ́kàn lé e. Róòsì tí wọ́n ń tà báyẹn ti pẹ́ nínú òtútù kó tó dé ọwọ́ ẹ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ pé orí ìdí róòsì mìíràn ni wọ́n lẹ̀ wọ́n mọ́ lóko, kì í ṣe gbòǹgbò tiwọn ni wọ́n fi ń dàgbà. Èyí tó fà mọ́ ọgbà yẹn ni kó o padà sí, àwọn tó ń fà sábà máa ń tètè gbà. New Dawn jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, píńkì fẹ́ẹ́rẹ́ lòun náà. Òun ni ewéko àkọ́kọ́ tí wọ́n fún ní ìwé àṣẹ onímọ̀ (patent, tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíì gbìn ín tà láìgbàyè) ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1931. Àṣẹ yẹn ti kásẹ̀ nílẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n àwọn róòsì tuntun kan ṣì ní tiwọn lọ́wọ́, kò sì yẹ ká máa gé wọn gbìn láìgbàyè.

Ohun kan tún kù: bí wọ́n bá lẹ ti aládùúgbò rẹ mọ́ ìdí mìíràn, wàá rí kókó kan nítòsí ilẹ̀. Òkè kókó yẹn ni kó o ti gé. Èyí tó bá yọ lábẹ́ rẹ̀, òdòdó ìdí ló máa tan, kì í ṣe èyí tó wù ọ́.

Àkọ́gbìn:
Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin àgbà mi. Màmá, báwo ni màá ṣe mọ̀ pé gbòǹgbò ti yọ láìfà á wò?

Màmá Ẹlẹ́gùn-ún:
Má fà á. Gbòǹgbò tuntun kò nípọn ju òwú lọ, bó o bá fà á lẹ́ẹ̀kan, o ti já a. Ike tí a lè rí inú rẹ̀ ni kó o lò, kó o fi páálí yí i ká kí ìmọ́lẹ̀ má wọ̀ ọ́. Ṣí páálí, yọjú wò, bò ó padà. Tí kò bá sí irú ike bẹ́ẹ̀, wo ihò ìdí rẹ̀.

Bó o bá ti rí i, má sáré ṣí ọ̀rá lọ́jọ́ kan náà. Lu ihò kan sí i lára lónìí, òmíràn ní ọjọ́ díẹ̀ sí i, títí tí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì á fi pé, ẹ̀yìn náà ni kó o ká a kúrò. Oòrùn àárọ̀ nìkan ni kó kọ́kọ́ rí. Òdòdó àkọ́kọ́ tó bá sì fẹ́ dì, já a dànù, kí agbára rẹ̀ lè lọ sí gbòǹgbò.

Àkọ́gbìn:
Háà, Màmá! Ẹ jẹ́ kí ẹyọ kan ṣoṣo tan.

Màmá Ẹlẹ́gùn-ún:
Rárá o.