Ẹ bá mi wo dátà ìtànṣán gáńmà yìí

Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ o. Kétu ni mo wà, fisíìkì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ.

GRB 170817A ni ọ̀rọ̀ mi, ìtànṣán gáńmà kan tó bú yọ lójú ọ̀run ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ ọdún 2017. Sátẹ́láìtì Fermi rí i, INTEGRAL náà rí i, kò sì ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 2 lọ. Mo gba dátà Fermi sórí kọ̀ǹpútà mi (ọ̀fẹ́ ni). Nígbà tí mo pa gbogbo ẹ̀rọ NaI 12 (àwọn ojú tí Fermi fi ń rí ìtànṣán gáńmà) pọ̀, gegele kékeré kan ló yọ, ariwo ẹ̀yìn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e mì. Mo wá mú nọ́ńbà 1, 2 àti 5 nìkan: ó hàn kedere! Ṣé torí pé àwọn yòókù kọ ẹ̀yìn sí i ni? Ìṣẹ́jú àáyá mélòó ló sì yẹ kí n fi máa gé dátà náà sí wẹ́wẹ́, 0.064 àbí 0.256?

Àwọn ọmọ náà ní tiwọn. Ìgbì òòfà (gravitational wave) láti ọ̀dọ̀ ìràwọ̀ nútírónì méjì (òkú ìràwọ̀ tó ki gan-an) tó kọlu ara wọn ti fi nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 1.7 ṣáájú ìtànṣán yìí dé, lẹ́yìn ìrìnàjò nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún 130. Ṣé ìtànṣán ni kò tètè gbéra, àbí ó falẹ̀ lọ́nà? Ọmọ kan ní bóyá ó yà mu gààrí ni. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n dá a lóhùn? Ẹ lè fi Faransé kọ ọ́ bó bá rọ̀ yín lọ́rùn.